Wọ́n Wọn Ìfúnpá Wa Tán, A Kò Rí Wọn Mọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá bí ẹ ṣe ń fi èdè Yorùbá kó ìròyìn jọ fún àwa tí a kò lè ka ti òyìnbó dáadáa. Ọkọ mi ló máa ń ra ìwé ìròyìn yín nígbà tó wà láyé. Láti ìgbà tí kò ti sí mọ́, ọmọ iṣẹ́ mi ni mo máa ń rán lọ sí gáréèjì lọ rà á. Aránṣọ ni mí. Igbó-Ọrà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n abúlé kan lẹ́bàá Ìdèrè ni wọ́n bí mi sí. N kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi kọ ọ́ báyìí ni bébà pélébé kan tí mo rí ní etí ìró olóògbé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni olóògbé náà. Ìyálé mi ni mo máa ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fúnra mi ti lé ní àádọ́ta ọdún. Gààrí ló ń dín tà. Ẹni tó bá ti ra gààrí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn kan wá sí àdúgbò wa láti ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. N kò ní sọ ibi tí wọ́n ti wá, torí n kò fẹ́ bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n tẹ́ tábìlì wọn sí. Èmi ni mo gbé àga fún wọn. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, wọ́n sì sọ fún wa pé a lè kọ̀ tí a kò bá fẹ́. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè oríṣiríṣi: iye ọmọ tí a bí, bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ tó nínú ọbẹ̀ wa, bóyá bàbá tàbí ìyá wa ní àrùn náà, bóyá ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sóko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wé ọ̀já dúdú mọ́ wa lápá, ó fún wa pinpin, ó tún dẹ̀, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ wọn.

Nígbà tó kan ìyálé mi, ọmọbìnrin tó ń wọ̀n wá wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú ìyálé mi, ó ní kó sinmi díẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá kọ ìfúnpá rẹ̀, 188/112, sórí bébà pélébé kan, ó ní, "Mama, ẹ lọ rí dókítà o." Ó fún un ní ọṣẹ ìfọṣọ kan, bíi ti gbogbo wa, ó sì pe ẹni tó kàn. Ìyálé mi di bébà náà mọ́ etí ìró rẹ̀, níbi tó máa ń di owó mọ́.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé aláìgbọràn ni. Lọ́jọ́ kìíní, àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ó bá ọmọbìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Òun nìkan ló ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́, òun nìkan ló ń gbẹ̀bí, òun náà ló ń gbálẹ̀. Ọmọ náà ní bátìrì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ti kú, kí Mama padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń wa ẹ̀gẹ́. Orí kò fọ́ ìyálé mi, òòyì kò kọ́ ọ, ó ń jẹun, ó ń sùn. Ta ni yóò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rà mọ́lẹ̀ nítorí bébà tí kò yé e?

Oṣù kọkànlá lẹ́yìn náà ló ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gààrí. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu sì wọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án la sin ín. Nígbà tí a ń ṣa àwọn ìró rẹ̀ jọ, ọwọ́ mi kan kókó kan ní etí ọ̀kan nínú wọn. Mo rò pé owó ni. Òógùn ti pa 112 rẹ́, ṣùgbọ́n 188 ṣì hàn kedere.

Bóyá àwọn tó wá wọ̀n wá ti kọ ìwé wọn jáde. Bóyá orúkọ àdúgbò wa wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó padà wá sábẹ́ igi máńgòrò yẹn láti sọ fún wa pé, báyìí ni ara yín ṣe rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mo ń sọ pé kí wọ́n má ṣe ìwádìí mọ́. Rárá o. Ìwádìí ló gba ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ yìí là. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ nísinsìnyí kò mọ ohun tó ń jẹ́ sòbìà, aràn gígùn tó máa ń yọ jáde lára ènìyàn. Mo sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n rò pé àlọ́ ni mò ń pa.

Ọdún 1980 ni ó mú mi, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Kíláàsì kẹrin ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń yún mi ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì, ó wá ń ta mí bí iná, ó sì lé ròrò. Nígbà tí ìléròrò náà bẹ́, orí nǹkan funfun kan yọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tí a ká pọ̀ ní ìlọ́po mélòó kan. Ìyá mi àgbà ló fi igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan gbá a mú. Láràárọ̀, wọ́n á bu omi tútù sí i, wọ́n á yí igi náà lẹ́ẹ̀kan, sòbìà á tẹ̀ lé e bí ìwọ̀n ìka kan, wọ́n á dúró, wọ́n á fi aṣọ wé e mọ́ ẹsẹ̀ mi títí di ọjọ́ kejì. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Bí ó bá já sínú ara, ẹsẹ̀ á wú, á gbọyún, ẹlòmíràn sì ti ibẹ̀ yarọ. Sòbìà lè gùn tó yáàdì kan. Èmi tí mò ń wọn aṣọ lójoojúmọ́ ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń lọ sílé ìwé. Lọ́dún kan náà, bàbá mi ní tirẹ̀ ní orúnkún àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, ní àsìkò tó yẹ kó máa ṣán oko. Àwa tí a máa ń ta èlùbọ́, rírà la rà á jẹ lọ́dún yẹn.

Ohun tí àwọn àgbà wa gbà ni pé gbogbo ènìyàn ló ní sòbìà lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bí iṣan ṣe wà lára. Bí ara bá gbóná jù, tàbí bí òrìṣà bá ń bínú, a jáde. Kò sẹ́ni tó fura sí omi. Báwo ni èèyàn ṣe máa fura? Omi adágún tí o mu lónìí, nǹkan bí ọdún kan gbáko ni sòbìà yóò fi máa dàgbà nínú rẹ kó tó yọrí. Ẹ̀ẹ̀rùn yìí lo mu ún, àmọ́dún lo mọ̀ ọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń ta ọ́ bí iná, ibo lo máa sáré gbé e lọ? Inú omi adágún náà ni, kó lè tù ọ́ lára. Ibẹ̀ ni sòbìà ti ń tu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi, tí àwọn kòkòrò kéékèèké inú omi á gbé wọn mì, tí ẹlòmíràn á tún wá pọn ọ́n lọ sílé mu. Ta ni yóò so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpin rẹ̀, bí kò bá sí ẹni tó jókòó tì wá tó ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn ló wá jókòó tì wá. Láti 1963 ni yunifásítì náà ti ní ibùdó ní Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wá gbé láàárín wa kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ìgbèríko ṣe rí. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìlera wá sí Ìdèrè nítorí sòbìà. Mo rántí wọn dáadáa. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ nípa sísọ fún wa pé omi wa dọ̀tí. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣan, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òrìṣà, wọ́n béèrè orúkọ adágún kọ̀ọ̀kan àti ìdílé tó ń pọn ọ́n, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu omi sínú ìgò funfun, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n ní ká wò ó. Nǹkan kéékèèké ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú rẹ̀. Ìyá mi àgbà, tó ti ń mu omi yẹn láti ìgbà ọmọdé rẹ̀, wò ó títí, kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ẹnu àmù.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà lára àwọn aránṣọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi mímu fún. 1985 ni mo wọlé ẹ̀kọ́ṣẹ́, asẹ́ yẹn sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Naílọ́ọ̀nù funfun ni aṣọ rẹ̀, ihò ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń kọjá, tí kòkòrò inú omi kò sì lè kọjá. Aṣọ náà máa ń yọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Bí o bá fa òwú le, a súnkì. Bí o bá gbàgbé tí o gba abẹ́rẹ́ kọjá àárín rẹ̀, ihò abẹ́rẹ́ tóbi ju ihò aṣọ lọ, o ti la ọ̀nà fún kòkòrò nìyẹn. Torí náà, etí nìkan la ti ń rán an. A ó fi aṣọ òwú gbà á yíká, a ó wá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ihò kan wà níbi tí kò yẹ. Ọ̀gá mi máa ń sọ fún wa pé, "Ojú rírán yín ni sòbìà ń wá." Mo tú asẹ́ mẹ́ta palẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí ihò kan ṣoṣo. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, tí wọ́n jẹ́ ọmọ abúlé gan-an, ló ń tà á káàkiri ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń kọ́ ẹni tó bá rà á bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ àti ojú tó gbọ́dọ̀ máa wà lókè nígbà gbogbo.

Ṣé ẹ rí i pé ìwádìí yẹn kò parí sínú ìwé? Ó wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí mo gba fíríìdọ̀mù tí mo sì lọ́kọ, wọ́n yan èmi náà ṣe olùyọ̀ǹda ara ẹni. Wọ́n fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan. Orúkọ ẹni tí sòbìà mú, ọjọ́ tó lé ròrò, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, bóyá a ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó kan omi. Lóṣooṣù ni mo máa ń kà á fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà wá gbà á. Bí oṣù kan bá kọjá láìsí orúkọ, mo ṣì gbọ́dọ̀ kọ òdo síbẹ̀, torí òdo náà ìròyìn ni.

Nígbà tí wọ́n ka iye wọn jákèjádò Nàìjíríà ní 1988, àwọn tí sòbìà mú lé ní 650,000. Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Asẹ́ ni wọ́n fi lé e lọ, pẹ̀lú kànga, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún, àti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ bíi tèmi. Jimmy Carter, tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, dá sí i, Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà sì ń tọ àwọn abúlé lọ nítorí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó mú ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013 ni àjọ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní 1986, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ènìyàn ló ń mú lọ́dún lágbàáyé. Ní 2022, ènìyàn 13 péré ni wọ́n rí. Nígbà tí rédíò sọ ti Nàìjíríà, mo wà nídìí ẹ̀rọ. Mo dúró, mo gbé ẹsẹ̀ òsì mi sókè, mo wo àpá náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀wé bá mi wò rèé. Ẹ̀jẹ̀ ríru jọ sòbìà ju bí a ṣe rò lọ. Òun náà máa ń wọlé ní bòókẹ́lẹ́. Ọdún tó wọ ara rẹ kọ́ ni wàá mọ̀. Ọdún tó bá rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ lo máa mọ̀. Bí a ṣe ń sọ nígbà náà pé iṣan ni sòbìà, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ báyìí pé ìrònú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, pé ẹni tí orí kò fọ́ kò ní i. Irú àìsàn báyìí, ẹni tó bá wá ní ọjọ́ kan tó sì lọ kò lè bá a jà. Ẹni tó ń gbé nítòsí, tó ní ìwé lọ́wọ́, tó sì máa padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ló lè bá a jà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan wá sọ́dọ̀ mi láti gé ṣòkòtò. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyálé mi fún un, ó jókòó, ó sì ṣí fóònù rẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ìlú wa gbajúmọ̀ nínú ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru? Ó ní ní àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà ní Chicago, tí Richard Cooper ṣáájú wọn, pẹ̀lú àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti ibòmíràn, wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Nàìjíríà, níbi tí Igbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n dé, Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, St. Lucia, Barbados, àti Maywood lẹ́bàá Chicago. Wọ́n gbé e jáde ní 1997. Nínú 100 àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà, 33.

Mo ní kó tún un sọ. Ìdílé kan náà, tí òkun pín níyà, tí àwọn kan nínú wọn kọjá lọ nínú ìdè. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí irú ìgbé ayé tí a ń gbé níbí, bí ara wọn ṣe ń tóbi sí i, tí iyọ̀ sì ń pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àbímọ́ni ni fún èèyàn dúdú. Ìwádìí yẹn fi hàn pé ọ̀nà tí à ń gbà gbé ní ọwọ́ nínú rẹ̀ gidigidi. Èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀, torí ohun tí ọwọ́ fà, ọwọ́ lè dá a dúró.

Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ pẹ̀lú. Apá àwọn ará Igbó-Ọrà ni wọ́n fi mọ èyí, èmi tí mò ń gbé Igbó-Ọrà sì ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu ọmọ tó wá gé ṣòkòtò. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà, ṣé a óò jẹ́ kí nǹkan yí padà báyìí lábẹ́ ojú wa? Ọ̀nà oko tí a ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀kadà la fi ń lọ ọ́ báyìí. Iyọ̀ tí a máa ń fi ìka mẹ́ta bù sínú ọbẹ̀, a fi èròjà amọ́bẹ̀dùn mẹ́rin lé e lórí. Àjọ WHO ní gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́ kò yẹ kó tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí kékeré kan. Àjọ yìí kan náà ti sọ rí pé ẹkùn Áfíríkà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ jù lágbàáyé, 27 nínú 100 àgbàlagbà. Àwa tí a kéré jù nínú ìwé 1997.

Àwa tí a dàgbà lásìkò Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti kò ní gbàgbé pé wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Láti 1985 sí 1992 ni wọ́n fi ṣe mínísítà ètò ìlera. Dókítà ọmọdé ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí ìtọ́jú wà níbi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Àsìkò wọn ni àwọn ìyá wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá tí kò kàwé mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é nínú ilé rẹ̀. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 náà sọ pé ó kéré tán, kóbọ̀ kan nínú náírà kan tó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí irú ìtọ́jú àkọ́kọ́ yìí. Owó yẹn, ẹ bá wa béèrè ibi tó ń gbà tí bátìrì fi ń kú tí àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kì í sì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe ni mò ń béèrè. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí a jọ pààlà, àti ní Kano, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2020 tó gbé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wá sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Oògùn tó ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wà, kì í ṣe bíi ti sòbìà tí kò ní. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ hóró kan lójúmọ́. Ohun tó ṣòro ni kí hóró náà wà nílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá wá gbà á, kí ẹnì kan sì mọ̀ bí kò bá wá.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣe ìwádìí: ẹ padà wá. Ẹ wá jókòó sábẹ́ igi tí ẹ ti wọ̀n wá, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún wa ní Yorùbá, kó tó di pé ẹ lọ kà á fún àwọn ẹgbẹ́ yín nílùú òkèèrè. Bí ẹ bá sì rí 188 lápá ìyá kan, ẹ má fi bébà nìkan lé e lọ́wọ́. Ẹ mọ ẹni tí ẹ máa fà á lé lọ́wọ́ kí ẹ tó wé ọ̀já mọ́ apá ẹnikẹ́ni. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀: ẹ yan ẹnì kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe yàn wá nígbà sòbìà, ẹ fún un ní ẹ̀rọ àti ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kadà máa wá gba ìwé náà lóṣooṣù. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ bá wa wá àyè díẹ̀ lójú ìwé ìlera yín. Bí ìwádìí kan bá jáde tó kan ìlú Yorùbá, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wa. A máa kà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ òkú ìyálé mi, mo rán ènìyàn sí Ìbàdàn, mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá. Ọmọ tó wá gé ṣòkòtò yẹn ló kọ́ mi: kí ènìyàn kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá rẹ̀ sinmi lórí tábìlì, kó má sọ̀rọ̀. N kì í fún ẹnikẹ́ni lóògùn. Mo kàn ń wọ̀n ni, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ tẹ́lẹ̀: orúkọ, ọjọ́, iye tí mo rí, ọjọ́ tó máa padà wá. Orúkọ 43 ló ti wà níbẹ̀. Àwọn 11 nínú wọn kọjá 140/90, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́ẹ̀mejì tí mo wọ̀n wọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn 4 ti ń lo oògùn tí dókítà kọ fún wọn. Àwọn 7 yòókù, mo ti ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, méjì nínú wọn padà wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì, aránṣọ,
Igbó-Ọrà.